Èènì Orí Páálí

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹfà

Kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́, Ìyàwó. Má tún un ṣe, má sì bu iyọ̀ sí i. Bí mo bá bú ọkọ rẹ, kọ èébú náà sílẹ̀. Ọmọ mi ni kó tó di ọkọ rẹ.

Ìbínú ló jẹ́ kí n ní kí o mú ìwé wá. Mo wọ yàrá tí a ti ń di ọṣẹ láàárọ̀ yìí, mo bá ọmọbìnrin kan tí n kò rí rí níbẹ̀. Ó dúró ní igun, aago ní ọwọ́ kan, okùn ìwọ̀n ní ọwọ́ kejì, ó ń wo ọwọ́ àwọn obìnrin mi bí ẹni tó ń ṣọ́ olè. Mo bi í pé ọmọ ta ni. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi dáadáa, ìyẹn ò burú. Ó ní ọmọ mi ló gba òun síṣẹ́ kí òun wá wo bí a ṣe ń di ẹrù, kí òun sì rí ibi tí àkókò àti páálí ti ń ṣòfò.

Mo ní, "Ojú tí èmi fi ń wò ó láti ọjọ́ yìí ńkọ́, ojú àwòrán ni?"

Orogún mi, tó wà nídìí téèpù, bú sẹ́rìn-ín. Mo ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó ní, "Ìyálé mi, ẹnu ni mo fi ń rẹ́rìn-ín, ọwọ́ mi ò dúró." Bó ṣe máa ń dá mi lóhùn nìyẹn láti ìgbà tí baálé wa ti gbé e wọlé.

Mo wá ọmọ mi lọ sí ọ́fíìsì rẹ̀. Mo ní ṣé bí wọ́n ṣe ń fi àlejò lé ìyá ẹni lórí nìyí, láìsọ fún un?

Ó ní, "Màmá, ilé ìtajà ńlá ti dá ẹrù wa padà lẹ́ẹ̀mejì. Páálí tẹ̀, ọṣẹ inú rẹ̀ fọ́. Wọ́n ní bí oṣù keje bá parí tí kò yí padà, àwọn á wá ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá lọ, kí la fẹ́ máa dì? Yàrá yẹn á tì ni."

Bí ẹni pé n kò mọ̀. Obìnrin mẹ́rin ló ń jẹun nínú yàrá yẹn. Opó ni méjì nínú wọn. Orogún mi ni ọ̀kan, ọkọ kan náà ló sì sọ èmi àti òun di opó. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí yàrá bá tì. Ohun tí n kò mọ̀ ni ìgbà tí ọmọ tí mo fi ọṣẹ rán lọ síléèwé bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìn mi pe àlejò wọlé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Ó ṣì dúró síbẹ̀. Mo sọ ọ́ ní Dúró-wò-ó. Kó tó di ọ̀sán, orogún mi ti ń fi orúkọ náà kọrin.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Òjò láti ìdájí. Páálí tó wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn gba omi, ó rọ̀ bí búrẹ́dì tí wọ́n rì sínú tíì. Iye tí wọ́n ń ta páálí sì tún ti lọ sókè. Ẹni tó ń tà á fún wa ní òun náà ń sunkún. Ẹkún rẹ̀ kò ní omi.

Dúró-wò-ó ní kí a gbé tábìlì kúrò níbi tó wà. Ó ní àwọn obìnrin mi ń rìn láti ibi páálí lọ síbi ọṣẹ, láti ibi ọṣẹ lọ síbi téèpù, tí wọ́n á tún padà, pé bí a bá so ìrìn ọjọ́ kan pọ̀, wọn ì bá ti dé ìlú kejì. Mo ní tábìlì yìí ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí i.

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá. Láti ìgbà yẹn náà ni ẹsẹ̀ ti ń dun àwọn ìyá."

Ẹ wo ẹnu! Mo jókòó sórí tábìlì náà. N kò ní kí wọ́n má gbé e. Mo kàn jókòó sórí rẹ̀ ni. Ọmọ mi wọlé, ó wò mí, ó jáde. Nígbà tó yá, ìtọ̀ gbọ̀n mí, mo dìde. Kí n tó padà dé, wọ́n ti gbé e.

Wọ́n parí iṣẹ́ ọjọ́ náà kí ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Orogún mi na ẹsẹ̀ rẹ̀ sórí àpótí, ó ń jù ú síwá sẹ́yìn níwájú mi. N kò sọ nǹkan kan. Kọ ọ́ pé n kò sọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Ó kan bébà. Bébà méjì la fi ń wé ọṣẹ kan; ó ní ọ̀kan tó. Mo ní kí òun náà lọ fi aṣọ kan ṣoṣo sùn nínú òtútù. Ó ní ọṣẹ kì í gbọ̀n. Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ikọ́ bò ó.

Lẹ́yìn náà ó ṣí páálí kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Méjìlá tò nísàlẹ̀, ọ̀kan dùbúlẹ̀ gbalaja lórí wọn lábẹ́ ìdérí. Ó fi ìka kan án.

"Màmá, èyí tó wà lókè yìí ńkọ́?"

"Èènì ni."

"Èènì ta ni?"

"Ta ni bí ti báwo? Ti ẹni tó bá rà á. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé ọṣẹ lérí kiri ni mo ti ń fún èèyàn ní èènì. Òun ni wọ́n ṣe ń pè mí padà, tí wọ́n ń fi àwọn tó ń ta tiwọn ní ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Orí èènì ni iṣẹ́ yìí dúró lé, bí ilé ṣe dúró lórí ìpìlẹ̀."

Ó wo ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù. Orogún mi ń fa téèpù já, ó ń fà á já, kò gbé ojú sókè. Dúró-wò-ó ní, "Mo gbọ́, Màmá," ó sì pa páálí náà dé.

Mo borí rẹ̀ lónìí. Inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, ogúnjọ́

Ọmọ mi ra páálí tó nípọn. Iye rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àtẹ̀yìnwá. Mo fi ìka lu ìhà rẹ̀, ó dún bí ilẹ̀kùn. Mo ní bí èyí náà bá tẹ̀, a jẹ́ pé erin ni wọ́n ń tò lé e lórí. Ọkọ̀ akẹ́rù ti gbé wọn lọ.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ó tẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí wọ́n dá ẹrù padà. Àwọn obìnrin mi kì í sọ̀rọ̀ nídìí tábìlì mọ́. Opó kejì bi mí bóyá kí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí òun á ti máa fọṣọ. Mo ní kó di ọṣẹ tó wà níwájú rẹ̀.

Awakọ̀ tó ń kó ẹrù wa ló ń ba páálí jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí i. Mo dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, "Ìwọ lò ń ju ẹrù mi bí òkò. Ìwọ lò ń fi páálí mi ṣe ìrọ̀rí."

Ó bọ́ sílẹ̀, inú bí i. Ó rí fìrìgbọ̀n bí ọkọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ ológbò lọ. "Ìyá, ẹ má purọ́ mọ́ mi. Bí ẹni gbé ẹyin ni mo ṣe ń gbé ẹrù yín. Bí ẹ ò bá gbà, iwájú ọkọ̀ gba èèyàn méjì. Ẹ bá mi lọ."

"O rò pé n kò ní lè gòkè?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀."

"O sọ ọ́ nínú."

Ọmọ mi ní n kò lè lọ, nítorí orúnkún. Mo ní orúnkún ta ni?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejì oṣù keje

Awakọ̀ tì mí nídìí kí n tó lè dé orí ìjókòó. Mo ní bó bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, màá sọ pé ó ń sunkún bó ṣe ń wakọ̀.

Mo ṣọ́ ọ. Kò sáré. Ó ń yẹra fún gbogbo kòtò. Níbi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ pátápátá, ó rọra wọ̀ ọ́ bí ẹni tó ń wọ odò tútù. Ó bí mi nínú pé n kò rí ẹ̀ṣẹ̀ kankan mú.

Ní ẹ̀yìn ilé ìtajà náà, ọkùnrin méjì ń fi ọwọ́ gbé páálí sọ̀kalẹ̀, kò sí ẹni tó ju ohunkóhun. Mo fi ojú ara mi rí i: àwọn tó wà lókè pátápátá dára. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ ti wọnú láti àárín ìdérí, ìhà wọn sì wú síta bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn.

Ọkùnrin tó ń gba ẹrù wọlé jókòó sórí àga kékeré, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Bí páálí tó dára bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á la téèpù rẹ̀, á ṣí i, á mú ọṣẹ tó wà lókè, á jù ú sínú garawa, á tún pa páálí dé, á tò ó. Ṣí, mú, jù. Èènì mi. Ṣí, mú, jù.

Mo ní, "Ọ̀gbẹ́ni, kí lo ń ṣe yẹn?"

Ó kí mi. Ó ní, "Ìyá, páálí yìí ò lè jókòó lórí ara wọn bí a ò bá yọ èyí tó wà lókè. Ó ń ti ìdérí sókè. Bí ẹ bá gbé òmíràn lé e, orí ọṣẹ kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo ẹrù máa wà. Ẹ wò ó." Ó gbé páálí kan lé orí èyí tí kò tíì ṣí, ó fi ìka kan tì í. Ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. "Nínú ọkọ̀, kò sí ẹni tó máa yọ ọ́. Ó ti ń tẹ̀ bọ̀ láti ojú ọ̀nà ni."

"Èyí tó ń lọ sínú garawa ńkọ́? Ta lẹ ń fún?"

"Ilé ìgbẹ́ wa ni. Òun la fi ń fọwọ́, òun la fi ń fọ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí a ò ti ra ọṣẹ síbẹ̀. Àbí ẹ̀yin lẹ ni ín?" Ó dìde. "Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá. Ẹ kú inúure o."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó dìde dúpẹ́! Bó bá jẹ́ pé ó bú mi ni, mi ì bá mọ ohun tí màá bá a fà.

Mo ní, "Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

"Mo sọ. Mo sọ fún ọ̀gá yín lórí fóònù kí òjò ọdún yìí tó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun mọ̀, pé ọ̀rọ̀ Màmá ni."

Wọ́n kó àwọn tó tẹ̀ padà sínú ọkọ̀. Awakọ̀ fún mi ní omi lójú ọ̀nà. Mo mu ún.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta

Mo pe gbogbo wọn jọ sí yàrá ọṣẹ: ọmọ mi, orogún mi, Dúró-wò-ó, àti ìwọ tí ò ń kọ ọ́ yìí.

Mo ní, "Ta ló mọ̀ pé èènì ló ń tẹ páálí?"

Orogún mi ń yí téèpù lọ́wọ́.

"Mo ní ta ló mọ̀?"

Dúró-wò-ó ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ tí òun ṣí páálí yẹn níwájú mi. Ó ní kí òun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni ọmọ mi ti kìlọ̀ fún òun pé kí òun fọwọ́ kan ohunkóhun tó bá wu òun nínú yàrá yìí, kí òun má ṣáà fọwọ́ kan èènì Màmá.

Mo yíjú sí ọmọ mi. Ó ní, "Màmá, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Èènì yẹn, ẹ̀yin gan-an ni. Mo rò pé páálí tó nípọn á gbà á."

"O lọ ra páálí ọ̀wọ́n, kí o má bàa la ẹnu bá ìyá rẹ sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"Ìwọ ńkọ́?" Orogún mi ni mo bi.

Ó gbé téèpù kalẹ̀. "Ìyálé mi, èmi ni mo máa ń fi ìgúnpá tẹ ìdérí mọ́lẹ̀ kí téèpù tó mú un. Ìgúnpá mi ti mọ̀ kí èmi tó mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ wo lẹ bi mí ní nǹkan rí, tí ẹ dúró gbọ́ èsì?"

Kọ gbogbo ohun tí mo sọ. Mo ní ẹ̀rù mi ń bà yín, ẹ̀rù ebi ò bà yín. Mo ní ẹ jẹ́ kí n bú awakọ̀ tí kò ṣẹ̀ mí, ẹ jẹ́ kí n jókòó sórí tábìlì bí adìyẹ tó ń sàba, ẹ ń wò mí, ẹ ń pè mí ní Màmá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀wọ̀. Ère ni wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún: wọ́n á nu eruku ara rẹ̀, wọn ò ní sọ fún un pé ilé ń jó. Ta ló sọ fún yín pé mo ti di ère?

Ìwọ náà mọ̀, Ìyàwó. O kọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá sílẹ̀ níbi tí mo ti ń yangàn, ọwọ́ rẹ kò sì gbọ̀n. Kọ ìyẹn náà. Kọ ọ́ kí o tó nu imú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ karùn-ún

Mo ní kí wọ́n gbé páálí méjì kalẹ̀, ti àtijọ́ tó fẹ́lẹ́. Ọ̀kan ní èènì lórí, èkejì kò ní. Mo ní n kò gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹnikẹ́ni mọ́, ẹsẹ̀ ara mi ni màá fi wò ó.

Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí n..." Mo wò ó. Ó sún sẹ́yìn.

Orogún mi ló na ọwọ́ sí mi. Mo dì í mú, mo gun èyí tó ní èènì. Àárín rẹ̀ wọnú wàì, ìhà rẹ̀ ya, orogún mi gbá mi mọ́ra kí n má bàa ṣubú.

"Ẹ wúwo o, Ìyálé mi."

"Ẹran ara mi ni. N kò yá a lọ́wọ́ rẹ."

Mo gun èkejì. Ó dún díẹ̀, ó sì dúró. Dúró-wò-ó ní bí ìdérí bá tẹ́jú, ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń pín ẹrù gbé, kì í ṣe ọṣẹ. Mo dúró lórí rẹ̀ pẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ibẹ̀, mo rí àtàrí gbogbo wọn.

Mo ní kí wọ́n yọ èènì kúrò, kí wọ́n sì padà sí páálí tó fẹ́lẹ́. Kò sí ẹni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n gbọ́n.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èènì ti kú. Ẹni tí mo bá fún ní èènì láyé ìgbà tí mo ń kiri, mo mọ ojú rẹ̀, òun náà sì mọ tèmi. Ta ni mo mọ̀ ní ilé ìgbẹ́ ilé ìtajà? Láti òní lọ, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wá ra ọṣẹ lẹ́nu ọ̀nà wa, èmi fúnra mi ni màá gbé tirẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án

N kò tíì bá ọmọ mi jẹun. Ó ra bàtà fún mi. Mo fún orogún mi. Ó bá a lẹ́sẹ̀ mu, ó sì ń bí mi nínú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún

Òní ni ẹrù lọ. Bí èyí bá tún padà, ó parí.

Dúró-wò-ó gun inú ọkọ̀, ó ní kí wọ́n tò wọ́n tààrà, igun lórí igun. Àwọn obìnrin mi ní bí wọ́n ṣe ń to bíríkì ni àwọn máa ń tò ó, kí ọ̀kan di èkejì mú. Ó ní igun ló lágbára jù lára páálí, ẹ jẹ́ kí igun gbé igun. Wọ́n wò mí. Mo ní kí wọ́n ṣe bó ṣe wí. N kò fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe bọ́ sílẹ̀, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo ní, "Bí ẹnikẹ́ni bá tún pè ọ́ sí ilé rẹ̀, tó ní kí o má fọwọ́ kan nǹkan kan, òun gan-an ni kí o kọ́kọ́ fọwọ́ kàn."

Ó ní, "Kódà bí ìyá wọn bá ń bú mi?"

"Pàápàá bí ìyá wọn bá ń bú ọ."

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí ọkọ̀ tó yí kọ́nà.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún

Òjò ṣì ń rọ̀, omi sì ti dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀. Kò sí ìròyìn. Ọṣẹ bọ́ lọ́wọ́ opó kejì lẹ́ẹ̀mejì. Mo bú u gidi, nítorí bí mo bá dákẹ́, á mọ̀ pé ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejìlélógún

A gbọ́ fèrè ọkọ̀ kí a tó rí i. Gbogbo wọn fi tábìlì sílẹ̀, wọ́n sáré jáde sínú òjò. Èmi kò sáré. Mo rìn kíákíá.

Ẹ̀yìn ọkọ̀ ṣófo. Awakọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín gbogbo eyín. "Kò sí ọ̀kan tó tẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ò tẹ̀! Ilé ìtajà ní àwọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n fẹ́ ẹrù mìíràn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí."

Opó kejì jókòó sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Orogún mi ń jó pẹ̀lú bàtà mi. Ọmọ mi wá síwájú mi, ojú rẹ̀ pọ́n, kò mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Mo ní kó lọ wá páálí tẹ́ sílẹ̀, kó tó wá dọ̀bálẹ̀ nínú omi. Ó lọ. Nígbà tó padà, mo jẹ́ kó bu oúnjẹ fún mi.

Awakọ̀ kò lọ. Ó ń ha orí. Ó ní, "Ìyá, ọkùnrin tó ń gba ẹrù ní kí n bi yín o. Ó ní àwọn ṣí páálí ṣí páálí, àwọn ò rí ọ̀kan tó máa ń wà lókè. Ó ní ilé ìgbẹ́ àwọn ò ní ọṣẹ mọ́."

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Mo ní, "Sọ fún un pé èènì wà. Kó mú owó dání, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ra ọṣẹ, kí n rí ojú rẹ̀."